Èépá funfun ara ẹ̀rọ omi àti orí ṣáwà: kí ni mo lè fi yọ ọ́ láìra ásíìdì líle?

Ìbéèrè

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tí ẹ máa ń gba ara yín nímọ̀ràn lórí ìtọ́jú ilé. Ọ̀rọ̀ balùwẹ̀ ni mo bá wá. Omi tó ń wọ ilé tí mò ń gbé jẹ́ irú omi tí ọṣẹ kì í tètè hó nínú rẹ̀, ibikíbi tó bá sì kán sí tó gbẹ sí, ó máa ń fi àmì funfun sílẹ̀ bí ìgbà tí wọ́n bá fi ẹfun tọ́ ibẹ̀. Nígbà tí mo kọ́kọ́ rí i, mo rò pé ìdọ̀tí ọṣẹ lásán ni, mo sì ń fi aṣọ nù ún kọjá, ṣùgbọ́n ní báyìí ó ti di èépá tó nípọn, ó yí ìdí ẹ̀rọ omi ká, èékánná kò sì ràn án mọ́. Àwọn ihò orí ṣáwà ti dí tó bẹ́ẹ̀ tí omi fi ń fọ́n sí ara ògiri dípò kí ó wá sí ara ẹni tó ń wẹ̀. Ìlẹ̀kùn dígí tó wà níbẹ̀ náà ti di bàìbàì, a kò lè wo òdìkejì rẹ̀ mọ́.

Mo ti kà á níbi púpọ̀ pé kí n po békìn sódà mọ́ fínígà. Mo pò ó, ó hó kùtùkùtù, ó ru sókè, ó sì dùn ún wò, ṣùgbọ́n nígbà tí híhó náà rọlẹ̀ tí mo fi omi ṣàn án, èépá jókòó síbẹ̀ bí ẹni pé ẹnikẹ́ni kò bá a wí. Inú bí mi, mo mú kànrìnkàn onírin, mo sì ha ẹnu ẹ̀rọ kan títí. Èépá lọ lóòótọ́, àmọ́ ó kó dídán ẹ̀rọ náà lọ pẹ̀lú ara rẹ̀, ilà wínníwínní sì ti kún ojú irin náà báyìí.

Ohun tí mo ń béèrè ni pé, nínú àwọn nǹkan tí kò ṣòro láti rí nínú ilé, èwo gan-an ni ó ń tú èépá yìí, báwo ni a ṣe ń lò ó, báwo ni ó sì ṣe yẹ kí ó pẹ́ tó lára irin? N kò fẹ́ lo ásíìdì líle tí àwọn kan máa ń dà sí ilé ìyàgbẹ́, nítorí pé àwọn ọmọdé wà nínú ilé, fèrèsé balùwẹ̀ náà kò sì tóbi.

Èsì 1

Ẹ kú làálàá. Ó dára kí a kọ́kọ́ mọ ohun tí èépá yìí jẹ́ kí a tó wá ohun tí yóò yọ ọ́, nítorí pé ibẹ̀ ni àṣìṣe ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń bẹ̀rẹ̀. Òkúta ni. Nígbà tí òjò bá rọ̀, omi rẹ̀ a máa gba afẹ́fẹ́ carbon dioxide mọ́ra láti inú òfuurufú àti láti inú ilẹ̀, èyí a sì mú kí ó kan díẹ̀. Bí omi tó kan díẹ̀ yìí bá ń gba àárín òkúta ẹfun kọjá nísàlẹ̀ ilẹ̀, yóò máa yọ́ òkúta náà ní ìwọ̀nba, yóò sì máa gbé kálísíọ̀mù àti magnísíọ̀mù inú rẹ̀ lọ láìjẹ́ pé ojú rí wọn. Ìdí nìyí tí omi fi lè mọ́ gaara nínú ife síbẹ̀ kí ó jẹ́ omi líle. Nígbà tí ó bá dé balùwẹ̀, tí a sè é gbóná tàbí tí ó gbẹ lára irin, afẹ́fẹ́ tó gbà mọ́ra yóò sá kúrò nínú rẹ̀, ohun tí ó gbé wá yóò sì padà di òkúta, ìyẹn calcium carbonate, ohun kan náà tí ó pọ̀ jù lọ nínú èèpo ẹyin.

Àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń ṣe ìwádìí ilẹ̀ àti omi, USGS, a máa fi mílígíráàmù calcium carbonate tó wà nínú lítà omi kan wọn líle omi: láti 0 dé 60 ni omi tó rọ̀, 61 sí 120 le díẹ̀, 121 sí 180 le, èyí tó bá sì ju 180 lọ ni wọ́n ń pè ní omi tó le gan-an. Bí ẹ̀rọ yín bá ń dí kíákíá bẹ́ẹ̀, ó ṣeé ṣe kí omi yín wà nínú ìsọ̀rí méjì ìkẹyìn.

Òkúta ẹfun kò bẹ̀rù ọṣẹ, kò sì bẹ̀rù sódà. Ohun kíkan ni ó ń bẹ̀rù. Fínígà tí a ń lò nínú ilé ní nǹkan bí ìdá 5 nínú 100 acetic acid, omi ni ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo ìyókù. Nígbà tí acetic acid bá kan èépá, yóò sọ ọ́ di iyọ̀ kan tó ń yọ́ sínú omi, carbon dioxide tó wà nínú òkúta náà yóò sì jáde ní ìhó wẹ́wẹ́. Békìn sódà ní tirẹ̀ jẹ́ òdìkejì ohun kíkan. Bí ẹ bá po ó mọ́ fínígà nínú àwo kan náà, wọn a pa agbára ara wọn, híhó tó dùn ún wò yẹn sì ni fínígà yín tó ń ṣòfò lórí sódà kí ó tó dé ọ̀dọ̀ èépá rárá. Ohun tó ń ṣẹ́ kù lẹ́yìn rẹ̀ kò ju omi àti iyọ̀ sodium acetate lọ. Ìmọ̀ràn yìí wà níbi gbogbo, ó sì máa ń yà mí lẹ́nu pé àwọn tó ń tàn án ká kò dúró wo ojú irin náà lẹ́yìn tí híhó bá tán.

Ẹ dán an wò lọ́nà yìí kí ẹ lè fi ojú ara yín rí i: ẹ kán fínígà nìkan sórí èépá, ẹ sì tẹjú mọ́ ọn. Bí ó bá ń hó wẹ́wẹ́, òkúta ẹfun ni, fínígà yóò sì ràn án. Bí kò bá hó rárá, nǹkan mìíràn ni ẹ ń bá jà, ó lè jẹ́ ọ̀rá ọṣẹ, ó sì lè jẹ́ irú èépá kan tó ní silica nínú, ìyẹn ohun tí ó pọ̀ nínú iyanrìn, èyí tí fínígà kò lè ṣe ní nǹkan.

Ohun tó kù ni àkókò. Fínígà kò lágbára tó bí ásíìdì tí ẹ sọ pé ẹ kò fẹ́, ìyẹn sì ni ìdí tí a fi lè lò ó láìbẹ̀rù, ṣùgbọ́n díẹ̀díẹ̀ ni ó ń jẹ òkúta, ó sì gbọ́dọ̀ wà lára rẹ̀ ní tútù ní gbogbo ìgbà tó bá ń ṣiṣẹ́. Bí ẹ bá fín in sí ara ẹ̀rọ tó dúró gbọn-in, kò ní ju ìṣẹ́jú kan lọ tí yóò fi ṣàn wọ inú síǹkì, èyí tó bá sì kù yóò gbẹ. Nítorí náà, ẹ rin àkísà aṣọ tàbí bébà ìnuwọ́ sínú fínígà, ẹ wé e mọ́ ìdí ẹ̀rọ náà, kí ẹ sì fi ọ̀rá náílọ́ọ̀nù bò ó lórí kí ó má baà gbẹ. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú 30, ẹ tú u, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín tó ti gbó fọ̀ ọ́, ẹ fi omi ṣàn án dáadáa, kí ẹ sì nù ún gbẹ kí ẹ lè rí ohun tó kù. Bí ó bá kù, ẹ tún un ṣe. Lójú tèmi, ó sàn kí ẹ ṣe é ní ẹ̀ẹ̀mẹta ní ìṣẹ́jú 30 ju kí ẹ so ó mọ́ irin kí ẹ lọ sùn. Bí fínígà náà bá lọ́ wọ́ọ́rọ́, yóò tètè ṣiṣẹ́, àmọ́ ẹ má ṣe jẹ́ kí ó hó lórí iná, nítorí pé èéfín rẹ̀ a máa ta ojú àti imú.

Kí ẹ sì jẹ́ kí kànrìnkàn onírin yẹn sinmi.

Èsì 2

Èmi kì í ṣe wàhálà tó báyìí. Mo máa ń da fínígà sínú ọ̀rá lálẹ́, màá fi rọ́bà so ó mọ́ orí ṣáwà, ó di àárọ̀ kí n tó tú u, kò sì sí ohun tó ṣe ṣáwà mi láti bí ọdún mẹ́ta. Ọsàn wẹ́wẹ́ náà ń ṣiṣẹ́: ẹ gé e sí méjì, kí ẹ fi ojú ibi tí ẹ ti gé e pa ẹnu ẹ̀rọ, kí ẹ sì gbé e kọ́ síbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Ní ti ilé ìyàgbẹ́, fínígà ni mo máa ń dà sínú rẹ̀, màá sì fi bílíìṣì díẹ̀ lé e kí ó lè funfun kí òórùn sì lọ.

Èsì 3

Mo bẹ gbogbo ẹni tó bá ka èsì tó ṣáájú tèmi yìí: ẹ má ṣe da bílíìṣì mọ́ fínígà láé. Kí ẹni tó kọ ọ́ má ṣe bínú sí mi, nítorí pé mo mọ̀ pé inú rere ni ó fi sọ ọ́, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yìí kò ṣe é fi ojú fò. Ohun tó ń mú kí bílíìṣì ṣiṣẹ́ ni sodium hypochlorite tó wà nínú rẹ̀. Bí ohun kíkan bá kàn án, yálà fínígà, omi ọsàn wẹ́wẹ́ tàbí èyíkéyìí mìíràn, yóò tú chlorine sílẹ̀, afẹ́fẹ́ olóró tó ń jó ojú, ọ̀fun àti ẹ̀dọ̀fóró. Nínú balùwẹ̀ tí fèrèsé rẹ̀ kéré bí èyí tí olùbéèrè ṣàpèjúwe, kò pọn dandan kí ó pọ̀ kó tó ṣe ẹni léṣe. Bí ẹ bá ti fi bílíìṣì fọ ibẹ̀ lónìí, ẹ fi omi ṣàn án lẹ́ẹ̀mejì lẹ́ẹ̀mẹta, kí ẹ sì fi iṣẹ́ fínígà di ọjọ́ mìíràn. Bí ẹnì kan bá sì ti pò wọ́n pọ̀ láìmọ̀, kí ó má ṣe dúró láti palẹ̀ rẹ̀ mọ́. Kí ó jáde lọ síbi tí afẹ́fẹ́ tútù wà, kí ó kó àwọn ọmọdé jáde pẹ̀lú, kí ó sì lọ rí dókítà bí ikọ́ tàbí èémí híhá bá tẹ̀ lé e. Ohun ìfọnǹkan tó ní ammonia nínú náà kò gbọdọ̀ pàdé bílíìṣì, nítorí pé àwọn náà a máa bí afẹ́fẹ́ olóró mìíràn.

Ní ti sísùn lórí rẹ̀ di àárọ̀, ohun tó mú kí ṣáwà wọn ṣì wà bẹ́ẹ̀ lè jẹ́ pé ike ni wọ́n fi ṣe é. Kúróòmù tó ń dán lára ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ omi kò nípọn rárá. Awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni, nickel ni ó sì sábà máa ń wà lábẹ́ rẹ̀. Bí awọ náà bá pé, fínígà ìṣẹ́jú 30 kò ní ṣe é ní nǹkan, ṣùgbọ́n bí ó bá ti ha tàbí tí ó ti lu wẹ́wẹ́, ohun kíkan yóò gba ibẹ̀ wọlé, yóò sì máa jẹ irin tó wà nísàlẹ̀. Ẹ̀yin olùbéèrè, ẹ̀rọ tí ẹ fi kànrìnkàn onírin ha yẹn gan-an ni kí ẹ ṣọ́ra fún. Ìṣẹ́jú 10 péré ti tó fún un lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ sì po omi mọ́ fínígà náà ní ìwọ̀n kan náà. Bí ẹ bá ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi wúrà tàbí nickel bò, tàbí èyí tí wọ́n kùn ní dúdú, tàbí idẹ àti bàbà tí wọn kò fi nǹkan kan bò, n kò ní dá yín nímọ̀ràn pé kí ẹ lo fínígà sí i rárá. Ọṣẹ olómi díẹ̀ nínú omi lílọ́wọ́ọ́rọ́, aṣọ rírọ̀ àti sùúrù ni ti àwọn wọ̀nyẹn.

Ohun kan ṣì wà tí ẹnikẹ́ni kò tíì sọ. Bí mábù bá wà nínú balùwẹ̀ yín, ní ilẹ̀ ni o, lára ògiri ni o, tàbí lórí pẹpẹ tí ẹ ń gbé ọṣẹ lé, ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹ̀kán fínígà tàbí omi ọsàn kan bọ́ sí i. Calcium carbonate ni mábù náà, fínígà kò sì mọ ìyàtọ̀ láàárín òkúta tí ẹ fẹ́ yọ àti òkúta tí ẹ fẹ́ fi sílẹ̀. Àmì tó bá fi síbẹ̀ kì í ṣe àbàwọ́n tí a lè fọ̀. Ojú òkúta náà ni ó ti jẹ, àfi kí àwọn tó ń dán òkúta tún un dán. Sìmẹ́ǹtì àárín táìlì náà kò fẹ́ kí ohun kíkan pẹ́ lórí rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni agbada ìwẹ̀ àtijọ́ tí wọ́n fi tánńganran bò. Ẹ fi omi rin sìmẹ́ǹtì náà kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kí ó má baà fa fínígà mu, kí ẹ sì tún ṣàn án lẹ́yìn náà.

Olùbéèrè

Ẹ ṣeun, ẹ̀yin àgbà. Ọpẹ́ ni pé n kò tíì da nǹkan kan sórí pẹpẹ mábù tó wà lábẹ́ dígí, nítorí pé ibẹ̀ ni mo fẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ lọ́la. Ìbéèrè mẹ́ta ló kù. Ẹnu ẹ̀rọ síǹkì ń sun omi tín-ín-rín, bẹ́ẹ̀ ìdí ẹ̀rọ nìkan ni èépá wà tí mo lè rí. Níbo ni kí n ti wá ìyókù? Ilà kan wà nínú àwo ìgbọ̀nsẹ̀ níbi tí omi dúró dé, funfun ni ó jẹ́ nísàlẹ̀, ṣùgbọ́n ó pọ́n bí ìpẹtà lókè, ǹjẹ́ fínígà yóò ràn án? Ìkẹta sì ni pé, bí omi yìí bá ń di òkúta báyìí lára irin, ṣé kò ń ṣe àwa tí a ń mu ún ní nǹkan?

Èsì 4

Iṣẹ́ ẹ̀rọ omi ni mo ń ṣe, n ó sì bẹ̀rẹ̀ láti orí èyí tó rọrùn jù lọ. Mímu omi líle kì í pa ènìyàn lára. Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, kò tilẹ̀ fi òdiwọ̀n kan lélẹ̀ tí líle omi kò gbọdọ̀ kọjá nítorí ìlera. Ìlò ilé, ẹ̀rọ tó ń se omi àti ọṣẹ yín ni ó ń jẹ níyà.

Ẹnu ẹ̀rọ tó ń sun omi tín-ín-rín sábà máa ń jẹ́ ọ̀rọ̀ asẹ́ kékeré tó wà ní ẹnu rẹ̀ gan-an, níbi tí omi ti ń jáde. Bí ẹ bá fi ìka kan ẹnu ẹ̀rọ náà láti ìsàlẹ̀, ẹ ó kàn án. Ẹ kọ́kọ́ fi nǹkan dí ojú ihò síǹkì, nítorí pé ọ̀pọ̀ ni ó ti pàdánù wọ́ṣà kékeré sínú páìpù kí ó tó rántí. Ẹ di aṣọ mọ́ ọn, kí ẹ fi ọwọ́ lọ́ ọ bí ẹni ń ṣí ìdérí ìgò; bí ó bá kọ̀, ẹ wé fínígà mọ́ ọn fún ìṣẹ́jú 20 kí ẹ tó fi ẹ̀mú kàn án, kí aṣọ sì wà láàárín ẹ̀mú àti irin. Bí ẹ bá ti tú u, ẹ to àwọn ohun tó wà nínú rẹ̀ sílẹ̀ ní títò bí wọ́n ṣe jáde, tàbí kí ẹ ya àwòrán wọn pẹ̀lú fóònù, nítorí pé ẹni tó bá tò ó padà ní òdì yóò rí i tí omi ń tú sí ojú rẹ̀. Ẹ yọ rọ́bà inú rẹ̀ sọ́tọ̀, ẹ rẹ ìyókù sínú fínígà fún bí ìṣẹ́jú 30 sí wákàtí kan, kí ẹ sì fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín gbọn wọ́n. Kí ẹ tó dá a padà, ẹ ṣí omi díẹ̀ kí iyanrìn àti èérún èépá tó wà nínú páìpù lè jáde.

Orí ṣáwà, ẹ tú u kúrò lára páìpù bí ó bá ṣe é tú, kí ẹ dojú rẹ̀ dé inú abọ́ tó ní fínígà, kí fínígà náà bo gbogbo ihò rẹ̀. Bí kò bá ṣe é tú, ìgbà náà ni ẹ ó lo ọ̀rá àti rọ́bà tí wọ́n sọ lókè, ṣùgbọ́n fún wákàtí kan péré, kì í ṣe òru. Bí ihò rẹ̀ bá jẹ́ ti rọ́bà rírọ̀, ẹ fi àtàǹpàkò tẹ wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, èépá yóò sì máa fọ́ jáde. Bí ó bá jẹ́ ti irin tàbí ike líle, abẹ́rẹ́ tàbí igi ìtayín ni kí ẹ fi gún un. Lẹ́yìn èyí, ẹ dá a padà, kí ẹ sì tú omi gbígbóná gba inú rẹ̀ fún ìṣẹ́jú méjì kí ẹ tó dúró sábẹ́ rẹ̀.

Àwo ìgbọ̀nsẹ̀ ni iṣẹ́ pọ̀ sí, àṣìṣe tí àwọn ènìyàn sì ń ṣe níbẹ̀ ni pé wọ́n ń da ife fínígà kan sínú omi tó pọ̀ jù ú lọ fíìfíì, wọ́n sì ń retí iṣẹ́ ìyanu. Omi ti là á, kò lágbára kankan mọ́. Ẹ ti omi táǹkì pa, ẹ fọ́ọ̀ṣì rẹ̀, kí ẹ sì gbé garawa omi kan, kí ẹ dà á sínú àwo náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Yóò fa omi inú rẹ̀ lọ, ìwọ̀nba omi díẹ̀ ni yóò sì kù nísàlẹ̀ ilà yẹn. Ẹ wá rin bébà ìnuwọ́ sínú fínígà lílọ́wọ́ọ́rọ́, kí ẹ tò ó yí ilà náà ká kí ó lẹ̀ mọ́ ọn. Níhìn-ín ni ẹ ti lè fi í sílẹ̀ di òwúrọ̀, nítorí pé ojú àwo yẹn le, kò sì sí kúróòmù níbẹ̀ tí yóò bàjẹ́. Ẹ kó bébà náà sínú ìdọ̀tí lọ́jọ́ kejì, ẹ má fọ́ọ̀ṣì rẹ̀. Èépá tó bá ti rọ̀, ẹ lè fi òkúta fúyẹ́fúyẹ́ oníhò tí wọ́n fi ń ha àtẹ́lẹsẹ̀ ha á, bí òkúta náà àti ojú àwo bá tutù dáadáa. Òkúta gbígbẹ yóò fi ilà sí i.

Èyí tó pọ́n bí ìpẹtà, ìpẹtà ni lóòótọ́. Irin wà nínú omi náà, ó sì ti bá èépá dì pọ̀. Fínígà kò fi bẹ́ẹ̀ mọ ọwọ́ irin; sítíríìkì ásíìdì, èyí tó wà nínú omi ọsàn wẹ́wẹ́, dára jù ú lọ nítorí pé ó máa ń di irin mú, tí omi yóò sì lè gbé e lọ. Bí ẹ bá sì rí àmì aláwọ̀ ewé tàbí búlúù lọ́jọ́ mìíràn, ẹ má kà á mọ́ omi líle; àmì pé bàbà inú páìpù ń jẹ ni, ìyẹn sì jẹ́ ìdí láti pe ẹni tó mọ iṣẹ́ páìpù wá yẹ̀ ẹ́ wò.

Èsì 5

Mo fẹ́ fi kún ọ̀rọ̀ sítíríìkì ásíìdì, nítorí pé láti ìgbà tí mo ti mọ̀ ọ́n ni mo ti fi fínígà sílẹ̀ fún oúnjẹ. Lẹ́búlẹ́bú rẹ̀ dà bí iyọ̀ tàbí ṣúgà, kò ní òórùn tó ń gba gbogbo ilé kan, kò sì ní ṣúgà àti fọ́nrán omi ọsàn tó máa ń lẹ̀ mọ́ irin. Ṣíbí ìjẹun ńlá méjì nínú ìdajì lítà omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ ti tó láti ṣe bí fínígà, ó tilẹ̀ máa ń yára jù ú lọ. Ẹ kàn má ṣe dà á sínú omi tó ń hó, nítorí pé calcium citrate tí ó máa ń bí kì í fẹ́ yọ́ sínú omi tó gbóná gan-an, ẹ sì lè tipa bẹ́ẹ̀ fi èépá tuntun rọ́pò ti àtijọ́. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́, pàápàá bí ọgbẹ́ bá wà lọ́wọ́ yín. Gbogbo ìkìlọ̀ tí wọ́n ṣe nípa bílíìṣì àti mábù kan èyí náà.

Békìn sódà kò wà fún ẹ̀tẹ́ pátápátá o. Omi líle máa ń bá ọṣẹ lásán ṣe ohun kan tó dà bí ọ̀rá eléèérú, tó máa ń lẹ̀ mọ́ dígí àti agbada. Lẹ́yìn tí ohun kíkan bá ti ṣe iṣẹ́ tirẹ̀ tí ẹ sì ti ṣàn án kúrò, ẹ fi omi díẹ̀ po sódà kí ó ki, ẹ fi aṣọ rírọ̀ pa á lára ọ̀rá náà. Ó le díẹ̀ débi pé ó lè fọ̀ ọ́, kò sì le débi pé yóò ha kúróòmù. Ẹ lè fi òun náà pa mábù yín jẹ́jẹ́. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni kí wọ́n máa wọlé, kí wọ́n má ṣe pàdé.

Ní ti kí ó má tún padà wá, omi tó bá gbẹ lára irin ni ó sábà máa ń di èépá. Aṣọ gbígbẹ kan tí ẹ gbé kọ́ sí ẹ̀gbẹ́ síǹkì, tí ẹni tó bá lò ó kẹ́yìn fi nu ẹ̀rọ àti dígí fún ìdajì ìṣẹ́jú, ń ṣe ju ìgò fínígà lọ. Ẹ tún ẹ̀rọ tó ń jò ṣe, nítorí pé ibi tí omi ti ń kán lóru ni èépá ti ń nípọn jù. Ẹ̀rọ kan wà tó ń sọ omi di rírọ̀, tó máa ń gba kálísíọ̀mù àti magnísíọ̀mù kúrò nínú omi, tó sì ń fi sodium dípò wọn, ṣùgbọ́n òun ni ó ń mú ọ̀rọ̀ yìí kúrò nínú ohun tí a lè rí nínú ilé.

Olùbéèrè

Mo padà wá láti jábọ̀ fún yín. Asẹ́ ẹnu ẹ̀rọ ni, gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ omi ti wí. Èérún òkúta kún inú rẹ̀ bí ìgbà tí ènìyàn ṣẹ́ iyanrìn, omi sì ti ń yọ yàà báyìí. Ìdí ẹ̀rọ gbà mí ní ẹ̀ẹ̀mẹta, ní ẹ̀ẹ̀kẹta ni èépá náà ṣí kúrò odindi bí èèpo. Orí ṣáwà mọ́, àfi ihò mẹ́rin tí mo fi abẹ́rẹ́ gún. Àwo ìgbọ̀nsẹ̀, fínígà mú funfun lọ ní òru kan, èyí tó pọ́n sì fẹ́ sítíríìkì ásíìdì lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ̀rọ tí mo fi ọwọ́ ara mi ha wà bí ó ṣe wà, mo sì ti gbà fún un.

Ìlẹ̀kùn dígí nìkan ló ṣẹ́ kù. Apá òkè rẹ̀ mọ́ kedere, ṣùgbọ́n ìsàlẹ̀, níbi tí omi ti máa ń ta sí jù, ṣì rí bàìbàì bí ó bá ti gbẹ, bẹ́ẹ̀ mo ti ṣe é ní ìgbà márùn-ún.

Èsì 3

Ǹjẹ́ fínígà ṣì ń hó bí ẹ bá kán an síbẹ̀? Bí kò bá hó mọ́, tí èékánná kò sì rí ohun tí yóò kọ́ lójú dígí náà, kò sí èépá níbẹ̀ mọ́. Dígí fúnra rẹ̀ ni omi àti èépá tó pẹ́ lórí rẹ̀ ti jẹ. Ẹ má ṣe fi fínígà ṣòfò sí i mọ́. Àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ dígí ní lẹ́búlẹ́bú kan, cerium oxide, tí wọ́n fi ń dán irú rẹ̀ bí kò bá jìn, àmọ́ bí ó bá jìn, bí ẹ ṣe rí i yẹn ni yóò máa wà.